Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Ojú Ọ̀run Ni Owó Ìlú Ń Bá Lọ?

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti àárín ìlú Àbújá lọ sí Lugbe yóò gba ẹ̀bá NASRDA kọjá, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń mójú tó ìwádìí òfurufú. Bí Yorùbá bá pọ̀ nínú èrò ọkọ̀ náà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí ibẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa ti gbà gbọ́ tipẹ́, pé ibẹ̀ ni ìjọba ti ń ju owó aráàlú sójú ọ̀run nígbà tí àwọn ènìyàn kò rí oúnjẹ jẹ. Ẹlòmíràn yóò fi òwe tì í lẹ́yìn pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òwe náà kò parọ́, n kò sì ní bá ẹni tí ebi ń pa jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ìgbàgbọ́ tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: pé owó tí a bá ná sórí òfurufú ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, pé ó pọ̀ tó ohun tí ì bá bọ́ gbogbo ìlú, àti pé mẹ̀kúnnù kò lè rí èrè kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e gòkè ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 100 kìlógíráàmù, owó tí a sì ná lé e lórí jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 13 dọ́là. Bí a bá pín owó yìí fún mílíọ̀nù 140 ènìyàn tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé a jẹ́, kò ní tó sẹ́ǹtì mẹ́wàá owó Amẹ́ríkà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sì sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tí ó bá rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí Guildford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí iléeṣẹ́ Surrey Satellite Technology ti ṣe sátẹ́láìtì náà, tí àwọn ẹnjinníà wa sì ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Bí a bá fẹ́ pe ẹjọ́, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà: ọwọ́ oníṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ni owó wa bọ́ sí, kì í ṣe ojú ọ̀run. Ìdí nìyí tí NigeriaSat-X, tí ó gòkè ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, fi níyì lójú mi ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ọwọ́ àwọn ẹnjinníà Nàìjíríà ni wọ́n fi tò ó pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Guildford kan náà ni iṣẹ́ ọ̀hún ti wáyé.

Kí wá ni irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ń ṣe lókè? Àwòrán tí NigeriaSat-1 ń yà nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò lè fi ènìyàn tàbí ọkọ̀ hàn, nítorí náà kí àwọn tí ó rò pé wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn fọkàn balẹ̀. Àmì tín-ín-rín kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà dúró fún ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà 32, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 32, èyí tí ó tó púlọ́ọ̀tì kan àbọ̀ bí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 tí a mọ̀ nílé wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n oríṣi ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ni ó ń rí: àwọ̀ ewé, àwọ̀ pupa, àti èyí tí ó tẹ̀lé pupa tí ojú ènìyàn kò ká. Ewé tí ara rẹ̀ dá máa ń fa pupa mọ́ra, ó sì máa ń dá ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí yẹn padà sókè gan-an; bí ewé bá ti ń rọ, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì yóò máa dínkù. Ẹni tí ó bá fi wọ́n wé ara wọn lórí kọ̀ǹpútà ní Àbújá lè mọ ibi tí ọ̀dá ti mú ọkà bàbà àti jéró ní Yobe tàbí Katsina láìjẹ́ pé ó gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ, ọ̀nà tí gbogbo wa sì mọ ewu tí ó wà lórí rẹ̀ lásìkò yìí. Irú àwòrán láti òkè bẹ́ẹ̀ ni ayé fi rí i bí Adágún Chad, tí ó tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní àwọn ọdún 1960, ṣe fà sẹ́yìn títí tí kò fi tó 2,000 mọ́ ní àwọn ọdún 1980. Apẹja mọ̀ pé omi ti sá kúrò lẹ́bàá abúlé òun, ṣùgbọ́n òkè ni a ti lè rí i pé gbogbo adágún náà ló ń sá. Nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ ní ọdún 2005, NigeriaSat-1 wà lára àwọn sátẹ́láìtì tí ó pèsè àwòrán ibẹ̀ fún Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ kì í rántí èyí.

Ní ti Amẹ́ríkà tí a rò pé ó ń ná owó òfurufú ní ìná àpà, nínú 100 dọ́là tí ìjọba àpapọ̀ rẹ̀ ń ná lóde òní, èyí tí NASA, iléeṣẹ́ òfurufú wọn, ń gbà kò tó sẹ́ǹtì 50. Ọdún 1966, nígbà tí wọ́n ń múra àtidé orí òṣùpá, ni ó pọ̀ jù lọ, kò sì ju nǹkan bí dọ́là mẹ́rin àti díẹ̀ lọ nínú 100.

Apá tí ó ṣòro láti gbèjà ni ìmọ̀ ìràwọ̀. Awò awọ̀nàjíjìn James Webb, tí ó gòkè ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 2021, ná nǹkan bí bílíọ̀nù 10 dọ́là, kò sì lè sọ ibi tí òjò yóò ti rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò kò ní dá irú owó bẹ́ẹ̀, torí pé ìmọ̀ tí ó bá ti jáde níbẹ̀ ti di ti gbogbo ayé, kò sì sí ẹni tí yóò lè tà á. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 1919, owó ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ kan níbẹ̀, àti ẹnì kejì rẹ̀ fi lọ sí erékùṣù Príncipe, tí kò jìnnà sí Nàìjíríà, láti ya àwòrán ìràwọ̀ nígbà tí òṣùpá bo òòrùn lójú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí Einstein sọ nípa ìmọ́lẹ̀ àti òòfà. Òótọ́ ni wọ́n bá a. Lóde òní, nítorí ohun tí Einstein ṣàlàyé, aago inú sátẹ́láìtì GPS máa ń fi ìdá 38 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá yára ju ti ilẹ̀ lọ lójúmọ́. Bí wọn kò bá tún un ṣe, àṣìṣe rẹ̀ yóò tó kìlómítà 10 láàárín ọjọ́ kan, awakọ̀ tí ó wà ní Wuse yóò sì máa rí ara rẹ̀ ní Gwarinpa lórí fóònù. Kò sí ẹni tí ó lè ro èyí mọ́ owó náà ní ọdún 1919.

Àwọn agbèjà òfurufú náà ní àsọdùn tiwọn. Wọ́n á ní NASA ló ṣe Teflon tí kì í jẹ́ kí ẹyin lẹ̀ mọ́ páànù, bẹ́ẹ̀ ọdún 1938 ni wọ́n ti rí Teflon, ogún ọdún kí NASA tó wà.

Ẹ̀sùn tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú ọkọ̀. NigComSat-1, sátẹ́láìtì wa fún ìbánisọ̀rọ̀, gòkè ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, iná rẹ̀ kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ó sì di oṣù kejìlá ọdún 2011 kí àrọ́pò rẹ̀ tó gòkè lábẹ́ owó ìbánigbófò. Ọdún méje ni wọ́n ṣe NigeriaSat-2, tí òun náà gòkè ní 2011, láti lò. Orílẹ̀-èdè tí kò bá ya owó èyí tí ó kàn sọ́tọ̀ kí ti ìṣáájú tó gbó yóò kàn máa ra ojú ni, yóò sì tún máa padà di afọ́jú.

Ojú nìkan kò sì tó. Ní ọdún 2022, ìkìlọ̀ omíyalé ti jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn àjọ ìjọba kí Odò Ọya tó kún bo Lokoja, tí ọ̀nà Àbújá fi dí; síbẹ̀ ó ju 600 ènìyàn lọ tí ó kú káàkiri Nàìjíríà lọ́dún náà. Ìjì òkun tí ó jà ní Odisha ní Índíà ní ọdún 1999 pa nǹkan bí 10,000 ènìyàn. Nígbà tí òmíràn ń bọ̀ ní etíkun kan náà ní ọdún 2013, sátẹ́láìtì fi í hàn láti òkun, ìjọba sì ti kó nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn kúrò kí ó tó dé. Àwọn tí ó kú kò tó 100. Ètò ìsúná ọ̀tọ̀ ni ó pèsè ọkọ̀ tí ó kó wọn àti ilé tí wọ́n sá sí, bí a bá sì ti ẹnu ọ̀nà NASRDA pa lọ́la, irú ọkọ̀ àti ilé bẹ́ẹ̀ kò ní torí rẹ̀ dé Lokoja.