Ibi tí Ojú Dúdú Iapetus ti Wá

Lọ́dún 1671 ni Giovanni Cassini, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, rí òṣùpá tuntun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì Sátúnì. Bí òṣùpá náà bá wà lápá ìwọ̀-oòrùn Sátúnì, á rí i kedere. Bó bá yí dé apá ìlà-oòrùn, á wá a títí, kò ní rí i. Cassini ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ó ní apá kan ara rẹ̀ ló dúdú, tí èkejì funfun. Ìgbà tó di 1705, tí awò ìwòràwọ̀ rẹ̀ ti dára sí i, ló tó fojú kan apá tó sá pa mọ́. Òṣùpá tí à ń pè ní Iapetus nìyẹn. Yìnyín ló sì pọ̀ jù lára rẹ̀, kí ló wá gbé dúdú wọ̀ ọ́?

Eruku ló kọ́kọ́ débẹ̀. Òṣùpá Sátúnì mìíràn wà tó ń jẹ́ Phoebe, tó jìnnà gan-an, tó sì ń yípo lódì sí ti Iapetus. Òkúta ojú òfuurufú ń gbá a, eruku ń gbọ̀n dànù lára rẹ̀, Iapetus sì ń forí gbà á, nítorí apá kan náà ló máa ń wà níwájú bó ṣe ń lọ. Lọ́dún 2009 ni Spitzer, awò ìwòràwọ̀ tí wọ́n gbé sí ojú òfuurufú, rí eruku yìí tó yí Sátúnì ká bí òrùka.

Ṣùgbọ́n eruku nìkan kò lè ṣe é. Ohun dúdú máa ń fa oòrùn mọ́ra, ojúmọ́ kan ní Iapetus sì tó ọjọ́ 79 tiwa, oòrùn ráyè ya án dáadáa. Apá dúdú á tó -144 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, apá funfun á wà ní bíi -160. Lójú ará Ẹ̀pẹ́, òtútù ni méjèèjì! Àmọ́ ìyàtọ̀ yẹn tó fún yìnyín láti máa di oru láìdomi rárá.

Ìyá ẹlẹ́ja kan tí à ń rajà lọ́wọ́ wọn ní ọjà Olúwo kò gbà. "Ọmọ mi, yìnyín wo ni kì í domi? Tèmi kì í dúró kí n tó tajà tán." Mo ní, "Ìyá, káńfọ̀ tó wà nínú àpótí aṣọ yín ńkọ́? Tí ẹ bá ṣí i nígbà Iléyá, ṣé aṣọ òkè yín máa ń tutù ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹn-ẹ́n! Òórùn nìkan ló máa ń kù. Ibo wá ni ti Iapetus ń gbà lọ?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ló ṣe kókó. Oru náà ń fò lọ sí ibi tó tutù jù, ìyẹn apá funfun àti orí òun ìdí òṣùpá náà, ibẹ̀ ló ti ń dì padà. Funfun ń funfun sí i. Níbi tó ti kúrò, ìdọ̀tí tó wà nínú yìnyín ló ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ dúdú sí i, ó gbóná sí i, yìnyín tún ń lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, John Spencer àti Tilmann Denk, tẹ àlàyé yìí jáde lọ́dún 2010.

Èmi gbà wọ́n gbọ́, nítorí àwòrán tí ọkọ̀ ìwádìí tí wọ́n rán lọ sí Sátúnì, tí wọ́n fi orúkọ Cassini pè, yà nígbà tó kọjá nítòsí ní oṣù Kẹsàn-án 2007. Ká ní eruku lásán ló bà síbẹ̀ ni, àwọ̀ eérú ni ìbá wà láàárín dúdú àti funfun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú kòtò kan ṣoṣo, ògiri tó kọjú sí ìbàdí òṣùpá náà, níbi tí oòrùn ti ń mú, dúdú kirikiri; èyí tó kọjú sí orí tàbí ìdí rẹ̀ funfun báláú.