Musashi-Kosugi: ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń tò láti ìta géètì

Ẹni tó bá rí fọ́tò ibùdókọ̀ ojú irin Musashi-Kosugi láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ní bí ọdún 2018, á rò pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín níbẹ̀. Èèyàn tò láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀gbẹ́ títì, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn wọn, kò sẹ́ni tó ń pariwo. Ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, wọn ò sì tíì débi tí wọn yóò ti fi káàdì kan géètì. Àwọn ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń fà rèé.

Ibo ni Musashi-Kosugi wà?

Ìlú Kawasaki ni, láàárín Tokyo àti Yokohama, ní ilẹ̀ Japan. Odò Tama ló pààlà sáàárín Kawasaki àti Tokyo. Bí ọkọ̀ bá ti sọdá afárá, ó ti wọ Tokyo nìyẹn. Ibi oorun ni àdúgbò náà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ tó ń gbébẹ̀: wọ́n á jáde láàárọ̀, ó di alẹ́. Àwọn ará Japan ní orúkọ fún irú ìlú bẹ́ẹ̀, "beddo taun", ìlú ibùsùn.

Ṣé ọkọ̀ ni kò tó ni?

Rárá o. Ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an ló fa èrò. Ojú irin Nambu ti ń gba àdúgbò náà kọjá láti 1927. Ojú irin Toyoko wà níbẹ̀ tó ń lọ sí Shibuya ní Tokyo, ti Meguro náà wà. Ti Yokosuka ni ìtàn rẹ̀ yàtọ̀. Láti 1980 ni ọkọ̀ Yokosuka ti ń sáré gba ibẹ̀ kọjá, kì í dúró, àwọn ará àdúgbò kàn ń wò ó ni. Ọgbọ̀n ọdún gbáko! Ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2010 ni wọ́n ṣí pèpéle, ibi tí èrò ti ń dúró wọkọ̀, fún un. Bí wọ́n ṣe ṣí i báyìí, ọkọ̀ ń dé Shinagawa, ibùdó ńlá kan ní Tokyo, ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èèyàn sì lè dé ibùdó Tokyo gan-an láìpààrọ̀ ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Shinjuku ní Tokyo tààrà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

Àwọn tó ń kọ́lé ti ríran ṣáájú. Ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ńláńlá wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ilé gogoro sí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Èyí tó ga jù nínú wọn jẹ́ alájà 59. Ẹ wo iye ìdílé tó máa wà nínú ilé kan bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá rò ó pé aago méje àbọ̀ ni gbogbo wọn ń sọ̀ kalẹ̀.

Kí ló wá lé ìlà jáde síta?

Pèpéle ni. Ọ̀kan ṣoṣo ni ti Yokosuka, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin Shinkansen, ọkọ̀ ayára-bí-àṣá yẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ni ọkọ̀ Tokyo ń dúró sí, ti Yokohama ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọkọ̀ kan lè ní kọ́ọ̀ṣì 15, kọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan tó mítà 20. Àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ á pàdé àwọn tó ń dúró, àwọn méjèèjì á sì pàdé àwọn tó ń gun òkè bọ̀. Bí èrò bá pọ̀ jù lórí pèpéle tóóró, ẹnì kan lè já sójú irin. Ó sàn kí wọ́n dúró níta ju kí wọ́n máa fún ara wọn lókè lọ.

Lójú tèmi, àwọn tó fọwọ́ sí ilé gogoro báyẹn láìkọ́kọ́ wo bí pèpéle ṣe fẹ̀ tó ló jẹ̀bi, kì í ṣe èrò.

Báwo ni ọkọ̀ ṣe ń kún tó?

Ìjọba Japan máa ń wọn ìkún ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní 100%, ó túmọ̀ sí pé oníkálùkù rí ìjókòó, tàbí okùn tàbí irin dì mú. Ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ìyókù, èyí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ní 150%, wàá ṣí i kà dáadáa; ní 180%, wàá ká a ṣẹ́po; ní 200%, ara á máa fún ara, ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kéré ló kù tó o lè rọ́gbọ́n kà; ní 250%, ọwọ́ ò ní lè mira. Lọ́dún 2018, láàárọ̀, 197% ni ti Yokosuka láti Musashi-Kosugi sí Nishi-Ōi, ibùdó tó kàn lọ́nà Tokyo. Ibi tó yẹ kó gba ọgọ́rùn-ún èèyàn, 197 ló wà níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń ti èèyàn wọnú ọkọ̀?

Òótọ́ ni, "oshiya" ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe é, wọn ò sì pọ̀ mọ́ bíi tàtijọ́. Àwọn èrò fúnra wọn mọ ọgbọ́n ẹ̀. Wọ́n á gbé báàgì ẹ̀yìn kọ́ sáyà. Ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn á yí padà, á fi ẹ̀yìn wọlé, á fi ọwọ́ ti òkè ilẹ̀kùn, á sì rọra sún ara rẹ̀ sínú títí ilẹ̀kùn á fi pa dé níwájú imú rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò gbé mọ́tò?

Ilé iṣẹ́ ló sábà máa ń san owó ọkọ̀ ojú irin fún òṣìṣẹ́, ìjọba kì í sì í gba owó orí lórí ẹ̀ títí dé 150,000 yen lóṣù. Ta ni yóò wá máa wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí ní Tokyo?

Ìjì 2019 ńkọ́?

Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, nígbà tí ìjì Hagibis jà, omi gba ojú gọ́tà padà wọ àdúgbò, ó kún ẹnu géètì Yokosuka. Ó wọ ìsàlẹ̀ ilé alájà 47 kan, níbi tí ẹ̀rọ iná wà. Iná lọ, omi ẹ̀rọ ò yọ mọ́, ẹ̀rọ agbéniròkè dákẹ́. Àwọn tó ń gbé lókè ń fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn.

Ṣé wọ́n ṣì ń tò síta?

Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àrùn Kòrónà kọ́kọ́ dá àwọn kan dúró sílé ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n ṣí pèpéle kejì, ẹni tó ń lọ Yokohama ò bá ẹni tó ń lọ Tokyo du àyè mọ́. Wọ́n ṣí géètì míì lọ́dún 2023. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibẹ̀ láàárọ̀ tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ rí èrò, ẹ gba ọ̀nà gígùn inú ibùdó yẹn lọ sí pèpéle Nambu. Ó jìn débi pé wọ́n ṣe ọ̀nà tó ń gbé èèyàn rìn sí apá kan rẹ̀. Kọ́ọ̀ṣì mẹ́fà péré lọkọ̀ ibẹ̀ ń fà.