Bí Ẹni Tuntun Ṣe Ń Wọ Àárín Àwọn Tó Ń Kọ Kóòdù

Ẹni tó ń kọ kóòdù ní Ìjẹ̀bú-Òde, Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ṣàgámù kì í pẹ́ tí yóò fi nílò àwọn tí kò fojú kàn rí. Ọ̀pọ̀ nínú kóòdù tó ń lò ló jẹ́ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe: àwọn èèyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló ń kọ ọ́, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti wò, láti lò àti láti tún ṣe. Lọ́jọ́ tó bá rí àṣìṣe kan tó fẹ́ tún ṣe, tàbí tó fẹ́ béèrè ìdí tí nǹkan kan kò fi ṣiṣẹ́, ó di àlejò lọ́dọ̀ wọn nìyẹn.

Ìkíni ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn: orúkọ mi ni báyìí, ìlú mi ni báyìí, inú mi dùn láti dara pọ̀ mọ́ yín. Ó dára, ẹ̀kọ́ ilé ni. Ṣùgbọ́n òun ló kéré jù nínú ohun tí àwọn alábòójútó iṣẹ́ fi ń mọ ẹni tuntun. Orúkọ tó wà lára kóòdù rẹ̀, ojú-ewé àkáǹtì rẹ̀, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi wọ́n àti àtúnṣe tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń kà. Àwọn yìí ló yẹ kí èèyàn múra sílẹ̀ fún.

Ká mú orúkọ ṣáájú. Git ni irinṣẹ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí fi ń tọ́jú kóòdù. Linus Torvalds ló ṣe é lọ́dún 2005 nítorí kóòdù Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Gbogbo àyípadà tí èèyàn bá fi pamọ́ sínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní commit, ló ń gbé orúkọ àti ímeèlì ẹni tó ṣe é dání. Git kì í wádìí. Ohun tí èèyàn bá pe ara rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀, àṣẹ méjì sì ni wọ́n fi ń sọ fún un:

git config --global user.name
git config --global user.email

Orúkọ yóò tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, ímeèlì yóò tẹ̀lé èkejì. Ibí ni kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ti ń dá wàhálà sílẹ̀: bí Git bá ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ní in lè ṣì wà níbẹ̀, kí gbogbo iṣẹ́ èèyàn sì máa jẹ́ orúkọ olórúkọ. Kọ̀ǹpútà tí ọ̀rẹ́ méjì jọ ń lò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí èèyàn tẹ git config --list kó tó bẹ̀rẹ̀, kó wo ohun tó wà níbẹ̀. Bí commit tó ṣe kẹ́yìn bá ti gbé orúkọ tí kò tọ́, tí kò sì tíì fi ránṣẹ́, git commit --amend --reset-author ló ń tún un ṣe. Tó bá ti dé inú iṣẹ́ gbogbogbòò, ó di ohun àìṣeéyípadà tán, nítorí orúkọ wà lára ohun tí Git fi ń ṣírò àmì ìdánimọ̀ commit náà. Ẹni tó bá yí ẹyọ kan yóò yí gbogbo èyí tó tẹ̀lé e.

Ímeèlì náà ń wà ní gbangba títí láé, àwọn tó ń kó ímeèlì jọ láti fi rán ìjẹkújẹ sì mọ ibi tí wọ́n ti ń rí i. Nínú ètò ímeèlì àkáǹtì GitHub, ìkànnì tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ yìí ń gbé, àyè kan wà láti fi ti gidi pamọ́. GitHub á fún èèyàn ní òmíràn tó parí sí users.noreply.github.com. Òun ni kó fi sínú Git. Bó bá fi ímeèlì tí GitHub kò mọ̀ mọ́ ọn síbẹ̀, kóòdù yóò wọlé o, ṣùgbọ́n kò ní so mọ́ ojú-ewé rẹ̀. Ẹni tó bá wá wo iṣẹ́ rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ àmì orí orúkọ kan Ìjẹ̀bú gan-an, nítorí orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀nà- pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wo Ọ̀nàbánjọ, orúkọ tó wà lára yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Orúkọ àkáǹtì GitHub kò gba ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà àti àmì ìdá kékeré (-) lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ju 39 lọ, nítorí náà onabanjo lásán ni yóò wà níbẹ̀. Àyè orúkọ gidi àti user.name inú Git gba gbogbo àmì. Ó yẹ kí èèyàn kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe ń jẹ́ ẹ síbẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé kọ̀ǹpútà kò ní ẹyọ lẹ́tà kan tó dúró fún Ọ̀. Kíbọọ̀dù kan lè kọ Ọ, tó jẹ́ U+1ECC, kó wá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ U+0300 lé e. Òmíràn á kọ O, á fi àmì ìdí U+0323 sí i, á tún fi U+0300 sí i. Ẹ̀kẹta á bẹ̀rẹ̀ láti Ò, tó jẹ́ U+00D2, kó tó fi àmì ìdí kún un. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà lójú. Git kò rí wọn bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń fi fóònù kọ lónìí, tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ lọ́la, lè di ẹni méjì nínú àkójọ tí git shortlog -sne ń gbé jáde. Kó kọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, kó máa dà á kọ láti ojú kan náà. Bó bá ti ya tẹ́lẹ̀, fáìlì tó ń jẹ́ .mailmap ni wọ́n fi ń so àwọn orúkọ pọ̀ di ẹni kan.

Ojú-ewé àkáǹtì kò gba àkókò púpọ̀. Àyè tí GitHub fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni kò ju lẹ́tà 160 lọ, ó sì tó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ á ṣí àpò kóòdù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú àkáǹtì rẹ̀. Fáìlì àlàyé tí wọ́n ń pè ní README tó bá wà níbẹ̀ ni yóò hàn lójú-ewé. Ohun tó ṣe pàtàkì jù tí àwọn èèyàn kì í kọ ni aago. Nàìjíríà wà ní UTC+1, ìyẹn wákàtí kan ṣáájú aago àgbáyé, láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, a kì í yí aago. Nígbà tó bá jẹ́ aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni ní Íńdíà. Ní Kalifóníà, ọ̀gànjọ́ òru ni lóṣù Kìíní, aago kan òru sì ni lóṣù Keje. Ẹni tó mọ èyí kò ní máa rò pé wọ́n kórìíra òun nítorí pé kò sẹ́ni tó dáhùn títí di ọ̀sán.

Lẹ́yìn èyí ni ìyàrá ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Lórí Discord, níbi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń ní ilé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tirẹ̀, àwọn kan ti ṣètò rẹ̀ pé àkáǹtì gbọ́dọ̀ ti lo ìṣẹ́jú 5 láyé, tàbí kí ẹni tuntun ti wà nínú ilé náà fún ìṣẹ́jú 10, kó tó lè kọ ọ̀rọ̀. Ohun tó máa ń dẹ́rù ba èèyàn ni, àmọ́ kò sí ohun tó bàjẹ́, àwọn rọ́bọ́ọ̀tì apolówó ni wọ́n fi ń dá dúró. Kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ka òfin ilé. Ní ti Slack ọ̀fẹ́, tó jẹ́ irú ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá ti lé ní 90 ọjọ́ kì í hàn mọ́. Ìkíni tó dùn jù lọ náà yóò pòórá, ìdáhùn tó wúlò náà yóò bá a lọ. Ohun tó bá ṣe pàtàkì, kí èèyàn kọ ọ́ sí ibi tí iṣẹ́ náà ti ń tọ́jú issue, ìyẹn àwọn àṣìṣe àti àbá tí èèyàn kọ ránṣẹ́.

Ìkíni tó ń rí ìdáhùn kì í gùn. Ó ń sọ ibi tí ẹni náà wà, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tó gbé e wá àti ìgbà tó ń ráyè. Irú èyí:

"Ẹ kú iṣẹ́. Bọ́lá ni orúkọ mi, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, UTC+1. JavaScript ni mo ń kọ, ọdún kejì rèé. Mo ń fi iṣẹ́ yín ṣe àkọsílẹ̀ ọjà fún ṣọ́ọ̀bù kan, mo sì rí i pé bí mo bá gbé fáìlì CSV wọlé, ọjọ́ àti oṣù ń gba ipò ara wọn. Mo ti ka ìlànà ìkópa yín (CONTRIBUTING). Alẹ́ Ọjọ́rú àti Sátidé ni mo ń ráyè. Ṣé ẹnì kan ti wà lórí rẹ̀?"

Ẹni tó bá kà á mọ ohun tí yóò fi dá a lóhùn. Ẹ fi wé ẹni tó kọ "Ẹ n lẹ́ o", tó wá jókòó tí í retí kí wọ́n dáhùn kó tó sọ tẹnu rẹ̀. Nítorí ìyàtọ̀ aago, ìkíni yẹn nìkan lè gba ọjọ́ kan gbáko lọ àti bọ̀. Ẹni tó to èdè kóòdù mẹ́jọ jọ pé òun mọ gbogbo wọn kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó burú jù ni kíkọ nọ́ńbà fóònù síta. Àwọn onígbájúẹ̀ wà nínú ìyàrá wọ̀nyí, ẹni tuntun sì ni wọ́n ń wá: ẹni tó bá yára wá sí ìkọ̀kọ̀ láti fún un níṣẹ́ tàbí láti ràn án lọ́wọ́, kó dá a padà sí gbangba.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ o. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ kì í pe àgbà lórúkọ, ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wọn fi ń kọ "sà" sí gbogbo ìlà. Nínú iṣẹ́ tó kárí ayé, orúkọ nìkan ni wọ́n ń pe ara wọn, "sà" yẹn sì lè jẹ́ obìnrin ló gbà á. Níbẹ̀, ẹni tó bọ̀wọ̀ fún onílé ni ẹni tó ti ka README kó tó béèrè, tó kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà jáde gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe kọ ọ́ dípò kó ya àwòrán rẹ̀. Àwòrán kò ṣeé wá lórí ẹ̀rọ ìṣàwárí, kò sì ṣeé dà kọ. Ní ti ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn tó ń kọ kóòdù nílé níbí, ìwà ilé dúró digbí: "ẹ" ni fún gbogbo èèyàn, ẹ̀gbọ́n, bọ̀dá, àǹtí, nítorí a kò rí ojú ẹni tó jókòó sí òdìkejì. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi pa ọ̀kan tì nítorí èkejì.

Iṣẹ́ gan-an ló wá kàn. Ọ̀pọ̀ alábòójútó máa ń lẹ àmì "good first issue" mọ́ èyí tó bá rọrùn fún ẹni tuntun. Kí èèyàn má kàn kọ pé kí wọ́n fún òun. Kó kọ́kọ́ ṣe é kó rí àṣìṣe náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó sọ ẹ̀dà tó lò, kó sọ ohun tó rò pé ó fà á. Gbígba kóòdù wálẹ̀ ń jẹ dátà, bí iná bá sì lọ tàbí nẹ́tíwọ̀kì já láàárín git clone, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún gbà á. Kì í bá a lọ láti ibi tó dúró. Ìtàn kóòdù Linux lódidi ju gígábáìtì kan lọ. git clone --depth 1 ń gba èyí tó kẹ́yìn nìkan, àmọ́ èèyàn kò ní rí ẹni tó kọ ìlà kan àti ìgbà tó kọ ọ́. --filter=blob:none sàn jù fún ẹni tó fẹ́ bá iṣẹ́ náà pẹ́: gbogbo ìtàn á wà, ohun inú fáìlì á máa wá bí wọ́n bá ṣe nílò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà kò ṣiṣẹ́ mọ́ fún fífi kóòdù ránṣẹ́ sí GitHub láti ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ 2021. Àṣẹ ssh-keygen -t ed25519 ni wọ́n fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń lò dípò rẹ̀, èyí tó parí sí .pub nìkan ni wọ́n sì ń gbé fún GitHub. Èyí tó kù kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Bí pull request àkọ́kọ́, ìyẹn ìbéèrè pé kí wọ́n gba àtúnṣe ẹni wọlé, bá dé, GitHub á lẹ àmì mọ́ ọn pé ẹni tuntun ló fi í ránṣẹ́. Àwọn ìdánwò tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ fúnra wọn lè dúró láìṣe nǹkan kan, nítorí alábòójútó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló ń pa pull request náà tì níbẹ̀, tí wọ́n ń ṣí òmíràn. Kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ìdí wà tí wọ́n fi ń ṣọ́ra. Hacktoberfest, tí DigitalOcean bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014, máa ń fi ẹ̀wù ta ẹni tó bá fi iye pull request kan ránṣẹ́ lóṣù Kẹwàá lọ́rẹ nígbà náà. Lọ́dún 2020, àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún README nítorí ẹ̀wù pọ̀ débi pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n yí òfin pa dà pé iṣẹ́ tó bá gbà láti kópa nìkan ni yóò kà. Ti xz, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti ń fi àtúnṣe gidi ránṣẹ́ fún ohun tó lé ní ọdún méjì, wọ́n ti fún un láṣẹ, kó tó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sínú irinṣẹ́ náà. Andres Freund, tó ṣàkíyèsí pé SSH, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti òkèèrè, ń falẹ̀ díẹ̀, ló tú u síta ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2024. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi ẹni tuntun ní ìbéèrè mẹ́ta lórí ìlà kóòdù márùn-ún, kì í ṣe ẹ̀gàn. Kó dáhùn wọn ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ìdáhùn tí ẹ̀rọ AI kọ gùn, ó sì máa ń fi ìbéèrè náà sílẹ̀ láìdáhùn, alábòójútó kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò sẹ́ni tó fọhùn, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó: kó béèrè bóyá ohun kan kù tó yẹ kí òun tún ṣe. Kó má pe orúkọ gbogbo alábòójútó, kó má sì wá wọn lọ sí ìkọ̀kọ̀. Bí kóòdù gbogbogbòò bá ti yí pa dà láàárín ìgbà náà, kó mú tirẹ̀ bá a mu pẹ̀lú git rebase, kí ẹni tó bá ráyè lè gbà á wọlé láìsí ìjà. Bí oṣù kan bá kọjá, kó wo ìgbà tí wọ́n gba pull request ẹnikẹ́ni wọlé kẹ́yìn. Bó bá ti lé ní ọdún kan, kò sí ẹni nílé, kó wá iṣẹ́ mìíràn.