NELFUND: ibi tí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ń há

Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ pé ìjọba ń yáni lówó lè rò pé wọn á ka owó ilé-ìwé lé òun lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni owó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń gbà jáde. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sí àpò ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní fojú kàn án. Owó ìgbọ́bùkátà, 20,000 náírà lóṣù, ló ń wọ àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, bó bá béèrè fún un. Kò sí èlé lórí méjèèjì.

Òfin ọdún 2023 le koko. Ó ní owó tó ń wọlé fún ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ju 500,000 náírà lọ lọ́dún, kí ó sì tún wá onídùúró. Níbo ni ọmọ alágbàṣe ti fẹ́ rí lọ́yà ọlọ́dún mẹ́wàá tàbí ọ̀gá níṣẹ́ ìjọba tí yóò bá a tọwọ́ bọ̀wé? Òfin tuntun ti oṣù kẹrin ọdún 2024 mú méjèèjì kúrò. Fásitì, póòlì, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìjọba ni ẹ̀yáwó náà wà fún, ìbáà jẹ́ ti àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀. Ilé-ìwé aládàáni kò sí níbẹ̀.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ìforúkọsílẹ̀ ti ń wáyé. Nọ́ńbà JAMB, ọjọ́ ìbí, orúkọ ilé-ìwé àti nọ́ńbà mátíríìkì ló ṣáájú. NIN, BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì tẹ̀ lé e. Fọ́ọ̀mù náà kò le. Orúkọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ká ní Táíwò Olúwaṣeun ló wà lórí NIN, tí ẹni tó bá a forúkọ sílẹ̀ fún JAMB kọ Táyé Ṣeun. Gbogbo ará ilé mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Títún irú rẹ̀ ṣe ń gba owó, ó sì ń gba ọjọ́, pàápàá tó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìbí orí NIN ló yàtọ̀. Kí ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọwọ́ ilé-ìwé ni ìdènà kejì wà. Àwọn ló ń fi orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ránṣẹ́ sí NELFUND, àwọn náà ló sì ń jẹ́rìí sí iye owó ilé-ìwé. Bí wọn ò bá tíì fi orúkọ ẹnì kan ránṣẹ́, bó fẹ́ kó tẹ nọ́ńbà mátíríìkì rẹ̀ nígbà ogún, ojú òpó náà kò ní dá a mọ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ NELFUND nínú ọgbà ilé-ìwé ló yẹ kó lọ bá. Ọ̀dọ̀ ilé-ìwé náà lẹni tó ti sanwó tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀yáwó tó dé yóò ti gba owó rẹ̀ padà. Sáà kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ń béèrè ẹ̀yáwó náà lákọ̀tun.

Ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀: agbanisíṣẹ́ yóò máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ yóò máa san ìdá mẹ́wàá èrè rẹ̀ lóṣù. Ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ lè búra nílé ẹjọ́ láti tọrọ àfikún àkókò. Bí ayáwó bá kú, gbèsè náà kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kí ó ka apá tí wọ́n pè ní GSI dáadáa. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti gbà pé kí báǹkì yọ gbèsè náà nínú àkáǹtì yòówù tó bá so mọ́ BVN rẹ̀, kì í ṣe èyí tó kọ sí fọ́ọ̀mù nìkan.