Fífì igi gọ́ọ̀fù: ti àwọn ọ̀gá àtijọ́ àti ti òde òní

Fífì igi gọ́ọ̀fù ni bí agbágọ́ọ̀fù ṣe ń gbé igi lọ sẹ́yìn, tó ń mú un sọ̀ kalẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, tí igi á sì ká kọjá èjìká òsì. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Gbígbé igi lọ sókè ń gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, sísọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ń gba bí ìdá kan nínú mẹ́rin, àkókò tí igi àti bọ́ọ̀lù sì fi kanra kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Láti ayé Harry Vardon, ọ̀gá àtijọ́, títí di ayé Scottie Scheffler ti òde òní, ohun tí igi gbọ́dọ̀ ṣe ní ìṣẹ́jú bín-ín-tín yẹn kò yí padà. Ọ̀nà tí ara ń gbà dé ibẹ̀ ló yí padà, irú igi àti irú bọ́ọ̀lù tó wà lọ́wọ́ èèyàn ló sì yí i padà jù lọ. Kì í ṣe pé àwọn ti ìsinsìnyí gbọ́n ju àwọn tó ṣáájú wọn lọ.

Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ni àlàyé yìí wà fún. Kí ọlọ́wọ́ òsì fi ọ̀tún pe òsì.

Ayé ọ̀pá hickory

Kí ọ̀pá irin tó dé, igi hickory ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá igi gọ́ọ̀fù. Hickory le, kì í tètè ṣẹ́, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí pé ó ń tẹ̀, ó tún máa ń lọ́. Bí èèyàn bá já a wálẹ̀ lójijì láti òkè, orí igi á ṣẹ́kù sẹ́yìn, ojú rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á sì gba apá ọ̀tún lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá ìgbà náà kì í fi í kánjú kúrò lókè. Wọ́n á fún igi láyè kí ó kọ́kọ́ padà bọ̀ sípò, kí wọ́n tó fi agbára sí i.

Vardon, ọmọ erékùṣù Jersey, gba ìdíje Open ti ilẹ̀ Bìrìtéènì lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín 1896 sí 1914. Ìdìmú tó sọ di gbajúmọ̀, tí ìka ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún ń gun orí ìka ọwọ́ òsì, ni ọ̀pọ̀ agbágọ́ọ̀fù ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ máa ń ká díẹ̀ bí igi bá dé òkè, ohun tí olùkọ́ òde òní kò ní jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe.

Bobby Jones ni àwòrán ayé hickory tó mọ́lẹ̀ jù lọ. Ní 1930, ó gba ìdíje ńlá mẹ́rin láàárín ọdún kan: Open àti ti àwọn tí kì í gba owó ní Bìrìtéènì, àti méjèèjì bákan náà ní Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 28 ni, ó sì fẹ̀yìn tì lọ́dún yẹn. Àwọn fíìmù ìkọ́ni tó ṣe fún Warner Bros. ní 1931 wà títí dòní, àwọn ibòmíràn nínú wọn sì rọra ń lọ débi pé ojú lè tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra. Bí igi ti ń lọ sẹ́yìn, ìbàdí rẹ̀ ń yí láìsí ìdíwọ́, orúnkún òsì ń wọlé sápá ọ̀tún, ó sì fa gìgísẹ̀ òsì kúrò nílẹ̀. Nígbà tó dé òkè, igi ti kọjá ìbú, orí rẹ̀ ti ń dà kọ ilẹ̀. Ohun tó yẹ kí èèyàn tẹjú mọ́ ló wá tẹ̀ lé e: gìgísẹ̀ òsì ti ń padà balẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ṣì wà lókè. Ìsàlẹ̀ ti dorí kọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, òkè kò tíì parí yíyí. Àlàfo kékeré yẹn ni hickory nílò.

Irin dé

USGA, àjọ tó ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ọ̀pá irin ní 1924, R&A, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní Bìrìtéènì, sì tẹ̀ lé e ní 1929. Billy Burke ló kọ́kọ́ fi ọ̀pá irin gba US Open, ní 1931. Irin kì í lọ́ bíi hickory, nítorí náà kò sí ìdí mọ́ láti máa fi ọwọ́ ṣí ojú igi kí a tún fi ọwọ́ pa á dé.

Byron Nelson wà lára àwọn tó tètè rí èyí. Ó kọ́kọ́ fi hickory kọ́ṣẹ́, nígbà tó ń gbẹ́rù fún àwọn agbágọ́ọ̀fù ní Glen Garden ní ìlú Fort Worth ní Texas, níbi tí Ben Hogan náà ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bọ́ sórí irin, ó jẹ́ kí ọwọ́ dákẹ́, ó fi ẹsẹ̀ àti ìbàdí ṣe iṣẹ́, orúnkún rẹ̀ sì ń rọ̀ sílẹ̀ bí igi ti ń kọjá, tí ojú igi fi ń pẹ́ lórí ìlà tí bọ́ọ̀lù máa gbà. Ní 1945, ó gba ìdíje 18, mọ́kànlá nínú wọn léraléra. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ẹ̀rọ Iron Byron tí USGA fi dán bọ́ọ̀lù àti igi wò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìṣòro Hogan ni pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń yà sósì lójijì. Ó sún ọwọ́ òsì rẹ̀ sápá òsì lórí igi, ó sì jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ náà ká sẹ́yìn bí igi bá dé òkè, kí ojú igi lè ṣí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá lè fi gbogbo ara yí láìbẹ̀rù apá òsì. Ní oṣù kejì 1949, bọ́ọ̀sì kọlu ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fara pa gidigidi. Ó gba US Open ní Merion ní 1950, ó sì gba mẹ́ta nínú ìdíje ńlá mẹ́rin ní 1953. Sam Snead, tí wọ́n bí lọ́dún kan náà pẹ̀lú rẹ̀, 1912, kò fi tirẹ̀ ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀. Bí igi rẹ̀ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì á ya kúrò lára ara wọn bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí, á wá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ dìde. Ó gba ìdíje 82 lórí PGA Tour, ọ̀wọ́ ìdíje àwọn tó fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ jẹ ní Amẹ́ríkà, iye tí Tiger Woods bá a dọ́gba ní 2019.

Jack Nicklaus ló so ayé méjèèjì pọ̀. Ó gbé ọwọ́ ga, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jìnnà sí ìhà, gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ sì ń kúrò nílẹ̀ bíi ti Jones. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ sókè réré, ó sì ń balẹ̀ jẹ́jẹ́. Jack Grout, olùkọ́ rẹ̀, ní kí ó kọ́kọ́ máa gbá a jìnnà, títọ́ á dé bó bá yá. Ní 1963, ó fi driver, igi gọ́ọ̀fù tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù, tí wọ́n fi igi persimmon ṣe orí rẹ̀, gbá bọ́ọ̀lù dé 341 yáàdì nínú ìdíje ìgbájìnnà. Ìdíje ńlá 18 ló gbà, kò sì tíì sí ẹni tó bá a.

Ohun tí igi tuntun gbà láàyè

Driver àtijọ́ jẹ́ igi persimmon kékeré lórí ọ̀pá irin tó gùn bí íǹṣì 43. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín ojú rẹ̀, ó ń pàdánù ọ̀nà tó pọ̀. Bọ́ọ̀lù balata, tí èèpo rẹ̀ rọ̀ bíi rọ́bà, sì ń yí fáú-fáú: bí èèyàn bá ṣe ń fi agbára gbá a tó ni yóò ṣe máa yà tó. Ẹni tó bá fi gbogbo ara gbá a ń ta tẹ́tẹ́. Ìdí tí àwọn ọ̀gá ìgbà náà fi máa ń fi agbára pamọ́ nìyẹn, tí wọ́n á mú un jáde nígbà tó bá di dandan.

Driver onírin TaylorMade dé ní 1979. Lónìí, orí driver titanium lè tóbi tó 460 cc, ọ̀pá rẹ̀ fúyẹ́, ó sì sábà máa ń gùn bí íǹṣì 45. Ní ìparí ọdún 2000, Titleist gbé Pro V1 jáde, bọ́ọ̀lù tí kì í yí ju bó ṣe yẹ lọ bí driver bá gbá a, ṣùgbọ́n tó ṣì ń dúró lórí koríko nítòsí ihò. Ìjìyà àṣìṣe dín kù, eré orí igi bá pọ̀ sí i. Ní 1980, ìpíndọ́gba driver lórí PGA Tour jẹ́ bí 257 yáàdì. Ní báyìí ó wà nítòsí 300.

Ìbàdí, gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn

Níbí ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù. Jones àti Snead jẹ́ kí ìbàdí bá èjìká yí. Ti òde òní ń dá ìbàdí dúró ní nǹkan bí dígírì 45, nígbà tí èjìká ń yí dé 90 tàbí kọjá bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni ń fún aṣọ tútù: bí ọwọ́ kan bá dúró tí èkejì ń yí ni aṣọ fi ń lọ́. Ìlọ́ra yẹn ni wọ́n ń tú sílẹ̀ sára bọ́ọ̀lù, gìgísẹ̀ òsì ò sì kúrò nílẹ̀, tàbí kó jẹ́ díẹ̀. Nick Faldo àti olùkọ́ rẹ̀, David Leadbetter, wà lára àwọn tó mú ọ̀nà yìí gbilẹ̀. Wọ́n fi bí ọdún méjì tún ìgbá Faldo tò, ó sì gba Open ti 1987 ní Muirfield pẹ̀lú par, iye ìgbá tí wọ́n là sílẹ̀ fún ihò kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo ihò 18 ọjọ́ ìkẹyìn.

Àwọn tó ń fi bẹ́ẹ̀ lọ́ra mọ iye tó ń ná wọn. Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ni ìrora ti ń wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọkùnrin tó fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ jẹ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Woods lórúnkún àti lẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì so egungun ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ ní 2017 kí ó tó gba ìdíje ńlá Masters ti 2019. Ìgbá nìkan kọ́ ló ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì láti àárọ̀ dalẹ́ á fi máa dá ìbàdí dúró bíi Rory McIlroy, ọ̀gá òde òní. Gìgísẹ̀ Jones bá irú ara bẹ́ẹ̀ mu ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ara kò bá rọ̀ tó, tí èèyàn sì fi tipátipá di ìbàdí mú, èjìká á tètè dúró, ọwọ́ nìkan á máa gòkè. Apá òsì á ká, ọ̀pá ẹ̀yìn á tẹ̀ sápá òsì, igi á gba òde wálẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì yà sọ́tùn-ún. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé gìgísẹ̀ bíi ti àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ gbé e fúnra rẹ̀. Yíyí ìbàdí ni kó fà á sókè. Bí orí bá sún sápá ọ̀tún nígbà yẹn, tàbí tí gìgísẹ̀ balẹ̀ síbi tó yàtọ̀ sí ibi tó ti kúrò, ibi tí igi ti máa kan ilẹ̀ ti yí padà nìyẹn.

Ọrùn ọwọ́ òsì lókè

Mẹ́ta ni ìrísí rẹ̀: kó ká sẹ́yìn bíi ti Hogan, kó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti Faldo, tàbí kó tẹ̀ síwájú bíi ti Dustin Johnson, Jon Rahm àti Collin Morikawa. Èyí tó ká sẹ́yìn ń ṣí ojú igi. Bí ọwọ́ kò bá pa á dé lásìkò, bọ́ọ̀lù á lọ sókè sápá ọ̀tún láìlágbára. Èyí tó tẹ̀ síwájú ń pa ojú igi dé láti òkè, nítorí náà ọwọ́ kò ní iṣẹ́ púpọ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ara gbọ́dọ̀ máa yí lọ láìdúró. Ní kété tí ìbàdí bá dúró, ọwọ́ á yí kọjá, bọ́ọ̀lù á fò nísàlẹ̀ sápá òsì pátápátá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń fara wé Johnson nìyẹn: wọ́n mú ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wọn ò mú ìbàdí rẹ̀.

Ẹ̀rọ bíi Trackman, tí wọ́n ṣe ní Dẹ́ńmáàkì láti máa wọn bí igi àti bọ́ọ̀lù ṣe ń rìn, tún yí èrò padà níbí. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé ọ̀nà tí igi gbà ló ń pinnu ibi tí bọ́ọ̀lù á kọ́kọ́ dorí kọ. Ìwọ̀n fi hàn pé ojú igi ló ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bí a ṣe ń fi wọ́n wéra

Fíìmù ayé àìlóhùn sábà máa ń ya bí àwòrán 16 sí 18 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sísọ̀ igi kalẹ̀ kò wá lè ní ju àwòrán mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, bí wọ́n bá sì fi í hàn ní àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó dà bíi pé ọ̀gá náà ń kánjú. Fóònù tó ń ya 240 ń fúnni ní bí 60 fún apá kan náà. Àṣìṣe ti fóònù ni pé ó lè mú kí ọ̀pá tẹ̀ bí ọrun nínú àwòrán, nítorí kì í ya gbogbo ojú àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìtẹ̀ yẹn ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Gbé fóònù sí gíga ọwọ́, lẹ́ẹ̀kan níwájú ẹni tó ń gbá, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, igi á dà bíi pé ó tẹ́ tàbí ó ga ju bó ṣe rí lọ. Irú igi kan náà ni kí a fi wéra, ibi tí igi dé la sì fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe aago: ìgbà tí apá òsì wà ní ìbú lọ́nà òkè, òkè pátápátá, ìgbà tó tún wà ní ìbú lọ́nà ìsàlẹ̀, àti ìgbà tí igi kan bọ́ọ̀lù. Ní ibi ìkẹyìn yìí, gbé Jones ti Nicklaus, gbé Nicklaus ti McIlroy: orí wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ìwúwo ara wà lẹ́sẹ̀ òsì, apá òsì àti ọ̀pá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlà kan. Ìbàdí àwọn ti òde òní nìkan ló sábà máa ń yí kọjú síbi tí bọ́ọ̀lù ń lọ ju ti àtijọ́ lọ.

Àwọn kan kò sì bá ìlà kankan mu. Jim Furyk ń fi igi ya òrùka lókè, ó sì fi ìgbá 58 parí ihò 18 ní ìdíje Travelers ti 2016. Bubba Watson, ọlọ́wọ́ òsì tó gba Masters ní 2012 àti 2014, ń gbé gìgísẹ̀ sókè bí àwọn ayé hickory. Rahm ń dá igi dúró kó tó dé ìbú; ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ní àbùkù látìgbà ìbí, kókósẹ̀ rẹ̀ ò sì rọ̀. Scheffler, tó gba Masters ní 2022 àti 2024, máa ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn lórí koríko bí igi bá ti ń kọjá, ẹsẹ̀ òsì náà á sì yí kúrò níbi tó wà. Ojú igi rẹ̀ ti kúrò lára bọ́ọ̀lù kí ẹsẹ̀ yẹn tó yọ̀ tán.