Bí dúkìá ìyá ṣe ń dé ọwọ́ ọmọ

Bí bàbá bá kú nílẹ̀ Yorùbá, ohun tí ẹbí ń kọ́kọ́ kà ni iye aya tó bímọ fún un. Bí ó bá jẹ́ ìyá ló kú, kò sí ohun tí wọn ó kà. Igi kan ṣoṣo ni ìyá, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló sì wà nídìí igi yẹn. Nítorí èyí, pípín ogún ìyá rọrùn ju ti bàbá lọ. Ibi tó ti ń ta kókó ni kí a mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, àti ìwé tí yóò jẹ́rìí sí i nígbà tí ẹnu rẹ̀ kò bá lè jẹ́rìí mọ́.

Ọ̀nà méjì ni àṣà fi ń pín ogún. Nínú ìdí-igi, iye aya tó bímọ ni wọ́n ń pín dúkìá sí, àwọn ọmọ aya kọ̀ọ̀kan á wá lọ pín tiwọn láàárín ara wọn. Nínú orí-ò-jorí, orí kọ̀ọ̀kan ló ń gba ìpín tirẹ̀. Ẹjọ́ tí gbogbo lọ́yà mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti ogún Suberu Dawodu, ará Èkó tó kú lọ́dún 1940, tó fi aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ fara mọ́ orí-ò-jorí. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ yí i padà lọ́dún 1958, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún Nàìjíríà nígbà náà, sì fòǹtẹ̀ lù ú lọ́dún 1962 pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Odindi ẹjọ́ yẹn, tó gba ọ̀pọ̀ ọdún, kò lè ṣẹlẹ̀ lórí ogún ìyá. Ọmọ tó bí fún ọkọ àkọ́kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti èyí tó bí fún ọkọ kejì ní Ìbàdàn, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ogún rẹ̀, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o.

Ohun tó máa ń ya àwọn ọkọ lẹ́nu ni pé lábẹ́ àṣà, ọkọ kì í jogún aya, gẹ́gẹ́ bí aya kì í ti í jogún ọkọ. Bí obìnrin tí wọ́n fẹ́ nílé, tí wọ́n san owó orí rẹ̀, bá kú láìbímọ, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń kó ohun ìní rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kóòtù, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ ìjọba láti so yìgì, ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sábẹ́ òfin mìíràn. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń sọ ẹni tí dúkìá rẹ̀ yóò bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn ikú, òfin ìpínlẹ̀ lórí àbójútó dúkìá olóògbé fún ọkọ ní ìpín tirẹ̀, àwọn ọmọ á sì pín ìyókù. Ó tọ́ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ni kò rò ó dé ibẹ̀. Ọkọ tó ti kó jáde láti ogún ọdún sẹ́yìn, tí kò fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sílé ẹ̀kọ́ ọmọ, ọkọ ṣì ni lójú òfin yìí títí ilé ẹjọ́ gíga yóò fi tú ìgbéyàwó náà ká. Ẹbí lè ti ka ìgbéyàwó sí ohun tó ti kú. Ìwé ìjọba kò kà á sí bẹ́ẹ̀.

Bí ìyá bá jẹ́ Mùsùlùmí tó sì fẹ́ kí ogún òun lọ bí Kùránì ṣe là á sílẹ̀, ìṣirò tún yí padà. Ọmọkùnrin ń gba ìlọ́po méjì ìpín ọmọbìnrin. Ọkọ tó bá wà láàyè ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin níwọ̀n ìgbà tí ìyá ti bímọ, bàbá tàbí ìyá tó bí olóògbé, bí wọ́n bá ṣì wà, á sì gba ìdá kan nínú mẹ́fà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ká ní ìyá fi mílíọ̀nù 12 náírà sílẹ̀, pẹ̀lú ọkọ, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin méjì, tí àwọn òbí rẹ̀ ti kú. Lábẹ́ àṣà, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba mílíọ̀nù 4, ọkọ ò gba nǹkan kan. Lábẹ́ Kùránì, ọkọ gba mílíọ̀nù 3, ọmọkùnrin gba 4.5, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan gba 2.25. Kò sí ilé ẹjọ́ Ṣàríà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn tí yóò pín in bẹ́ẹ̀ tipátipá. Ìyá tó bá fẹ́ ẹ ní láti sọ ọ́ jáde kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn tó bá lágbára jù nínú ilé ni yóò borí.

Kí wá ni ìyá ní? Aṣọ òkè, iyùn àti wúrà kì í sábà dá ìjà sílẹ̀ níwájú adájọ́. Àwọn ọmọbìnrin ló máa ń pín in, wọ́n sì lè bá ara wọn bínú fún ọdún méjì lórí ẹ̀gbà ọrùn kan, ṣùgbọ́n inú yàrá ló ń parí sí. Ṣọ́ọ̀bù inú ọjà yàtọ̀. Bó bá jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ìyá kò ni ilé náà, ẹ̀tọ́ láti máa tajà níbẹ̀ ló ní, ohun tí ọmọ sì lè jogún kò kọjá ohun tí ìwé ìyáǹda bá gbà. Owó àjọ wà lórí káàdì alájọ àti lẹ́nu alájọ. Bí ọmọ kò bá mọ alájọ ìyá rẹ̀ lójú, owó yẹn ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn.

Ilé ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti fi èrè ọjà kọ́ yàrá méjì-mẹ́ta sẹ́yìn ilé ọkọ, lórí ilẹ̀ tí bàbá ọkọ fi sílẹ̀ fún gbogbo ẹbí. Òfin ìbílẹ̀ kò bìkítà nípa ẹni tó ra sìmẹ́ǹtì: ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí kò sọ ilẹ̀ náà di tirẹ̀. Àwọn ọmọ tó bí fún ọkọ yẹn ṣì lè máa gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí bàbá wọn ni. Ọmọ tó bí ṣáájú fún ọkùnrin mìíràn kò ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé nínú yàrá tí owó ìyá rẹ̀ kọ́. Ìyá tó bá ń ro ti gbogbo ọmọ rẹ̀ pọ̀ á ṣe dáadáa bó bá ra ilẹ̀ lọ́tọ̀, kó tilẹ̀ jẹ́ àbọ̀ pulọ́ọ̀tì lẹ́yìn odi ìlú, kí rìsíìtì, ìwé àdéhùn àti sọ́fè, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ náà, sì jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀. Orúkọ gidi ni o. Rìsíìtì tí wọ́n kọ “Ìyá Bọ́sẹ̀” sí kò sọ fún adájọ́ irú Ìyá Bọ́sẹ̀ wo, èyí tí wọ́n sì kọ sórúkọ ọkọ nítorí pé “òun ni olórí ilé” ti sọ ilẹ̀ náà di ogún bàbá, tí wọn yóò pín fún ọmọ orogún pẹ̀lú.

Ìyá tún ní nǹkan nílé bàbá tirẹ̀. Ọmọbìnrin ń jogún nílẹ̀ Yorùbá, ó sì ti pẹ́ tí ilé ẹjọ́ ti gbà bẹ́ẹ̀: nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole l'Ékòó lọ́dún 1908, wọ́n ní obìnrin tó bá jẹ́ àgbà láàárín àwọn ọmọ tó ṣẹ́ kù lè jẹ́ olórí ẹbí. Ẹ̀tọ́ yẹn kì í bá ìyá wọ sàréè, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń dúró sí ipò rẹ̀. Àmọ́ bí wọn ò bá tíì pín ilẹ̀ ẹbí náà, kò lè kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé àbíkẹ́yìn òun ni òun fún. Ohun tó lè ṣe ni kó máa mú àwọn ọmọ lọ sípàdé ẹbí, kí àwọn àgbà ibẹ̀ mọ̀ wọ́n lójú àti lórúkọ, kí wọ́n má baà dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú bí àlejò.

Báǹkì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì, ààyè kan wà fún next of kin, ìyẹn ẹbí tó súnmọ́ni jù, ọ̀pọ̀ ìdílé sì gbà pé ẹni tí ìyá kọ síbẹ̀ ló fi owó sílẹ̀ fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí báǹkì máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Ìpè yẹn kò sọ ọ́ di àrólé. Báǹkì máa ti àkáǹtì náà pa títí wọn yóò fi rí ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́. Irú àṣìṣe kan náà ló wà nínú power of attorney, ìwé tó ń fún ẹlòmíràn lágbára láti ṣe nǹkan lórúkọ ẹni, tí àwọn ìyá máa ń fún ọmọ tó wà nílé, kó lè máa gba owó ilé fún wọn. Ìwé yẹn ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìyá bá wà láàyè. Ọjọ́ tó bá kú ni agbára rẹ̀ tán, ọmọ tó bá sì ń lò ó lọ lẹ́yìn ìyẹn ń ná owó gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Bí ìyá kò bá sọ nǹkan kan tí kò sì kọ nǹkan kan, àwọn ọmọ ní láti lọ sí ẹ̀ka Probate ní Ilé Ẹjọ́ Gíga láti gba ìwé àṣẹ àbójútó ogún. Wọ́n á mú ìwé ẹ̀rí ikú lọ, wọ́n á to gbogbo dúkìá sínú fọ́ọ̀mù, báǹkì á kọ iye tó wà nínú àkáǹtì, àwọn onídùúró á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì kéde nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ní àtakò lè jáde. Owó ìjọba wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣírò láti ara iye dúkìá, nítorí náà ìdílé tí ìyá fi ilé sílẹ̀ fún láìfi owó sílẹ̀ lè pẹ́ kí wọ́n tó rí i san. Àwọn alábòójútó kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ, bí ọmọ tí kò tíì pé 18 bá sì wà lára àwọn tí yóò jogún, wọn kò gbọ́dọ̀ dín ní méjì. Gbèsè ìyá ni wọ́n á kọ́kọ́ san kí wọ́n tó pín ohunkóhun.

Ilé tí wọn ò bá pín á di ilé ẹbí àwọn ọmọ ìyá yẹn, àkọ́bí ló sì sábà máa ń jẹ́ olórí. Bí olórí bá dá tà á láìgba ohùn àwọn yòókù, wọ́n lè lọ fagi lé títà náà ní kóòtù. Bí àwọn yòókù bá sì tà á láìsí olórí níbẹ̀, òfin kà á sí pé ẹnikẹ́ni ò tíì ta nǹkan kan.

Ìyá tí kò fẹ́ gbogbo ìyẹn lè fún ọmọ ní nǹkan lójú ayé rẹ̀. Níwájú ẹlẹ́rìí, àṣà gbà á; fún ilẹ̀ tó ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi ń fúnni ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀, ó nílò ìwé ẹ̀bùn àti ìfọwọ́sí gómìnà, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 ṣe wí. Ohun tó bá fúnni báyìí kò sí lára ogún mọ́, kò sì ní dé Probate. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹ̀bùn kì í padà. Ọmọ lè ta ilé náà nígbà tí ìyá ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ọmọ sì lè ṣáájú ìyá kú, kí ilé ìyá di ogún tí ìyàwó ọmọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jà lé lórí. Lọ́yà tó bá mọ iṣẹ́ máa fi gbólóhùn kan sínú ìwé náà pé ìyá ló ń gbé ibẹ̀, òun ló sì ń gba owó ilé, títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ìwé ìhágún ni ọ̀nà kẹta, èyí tí àwọn ìyá máa ń sá fún nítorí wọ́n rò pé ẹni tó kọ ọ́ ń pe ikú. Nínú rẹ̀ ni ìyá ti lè fi ṣọ́ọ̀bù fún ọmọ tó bá a tajà, kó fi ilé fún gbogbo wọn, kó sì yan ẹni tí yóò mú un ṣẹ. Bí àwọn ọmọ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ó dára kí ọ̀kan nínú àwọn tí ìyá yàn láti mú ìwé náà ṣẹ máa gbé nítòsí. Òfin Èkó ní kó jẹ́ àkọsílẹ̀, kí ìyá fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. Ọmọ tí yóò jogún kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n fún un nínú ìwé náà yóò di òfo. Ìyá tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka, bí wọ́n bá ti kà á sí i létí ní Yorùbá, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó yé e kó tó tẹ̀ ẹ́. Bí ìyá bá sì tún wá ṣe ìgbéyàwó kóòtù lẹ́yìn tó ti kọ ọ́, ìgbéyàwó náà ti pa ìwé yẹn rẹ́, àfi kó kọ òmíràn. L'Ékòó, ọmọ tí wọ́n yọ sílẹ̀ pátápátá lè gba ilé ẹjọ́ lọ láti bèèrè ohun tí yóò fi gbọ́ bùkátà.

Ìyá lè tọ́jú ìwé náà sọ́dọ̀ lọ́yà, ó sì lè fi í pa mọ́ sí ẹ̀ka Probate fúnra rẹ̀, nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Wọ́n á fún un ní rìsíìtì. Ó yẹ kí ọmọ kan, ó kéré tán, mọ ibi tí rìsíìtì yẹn wà, nítorí ilé ẹjọ́ kì í wá olóògbé kiri: ìwé náà á wà níbẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi mú ìwé ẹ̀rí ikú dé orí káńtà.