Ìgbà Wo Ni Kí Ọmọ Bẹ̀rẹ̀ Èdè Kejì?

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè, ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi mí jù ni iye ọdún tí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a tó fi Gẹ̀ẹ́sì kún Yorùbá rẹ̀. Ìbéèrè náà dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń béèrè ti pinnu lọ́kàn wọn pé Yorùbá ni yóò dìde lórí àga kí Gẹ̀ẹ́sì lè rí ibi jókòó.

Etí ni ó ń kánjú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ oṣù 6 lè gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ìró èdè tí ẹnikẹ́ni kò sọ sí i rí. Kí ó tó pé ọdún kan, etí rẹ̀ ti rọ̀ mọ́ ìró èdè tí wọ́n ń sọ láyìíká rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ó ń gbọ́ igbá, igba, ìgbà àti ìgbá láti kékeré kò fi nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ohùn fún un, nígbà tí àgbàlagbà tí ó ń kọ́ Yorùbá ń làágùn lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí. Ṣùgbọ́n kí òbí má torí èyí gbé ọmọ ka iwájú tẹlifíṣọ̀n. Nínú ìwádìí tí Patricia Kuhl, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2003, àwọn ọmọ oṣù 9 ní Amẹ́ríkà tí ènìyàn gidi bá ṣeré ní Mandarin, èdè àwọn ará Ṣáínà, ní ìgbà 12 dá ìró èdè náà mọ̀; àwọn tí wọ́n fi ohun kan náà hàn nínú fídíò kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Ti gírámà kò kánjú tó bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2018, tí nǹkan bí ènìyàn 670,000 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé ẹni tí yóò gbọ́ èdè bí ọmọ onílé yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún 10, ṣùgbọ́n agbára láti kọ́ gírámà wà títí di nǹkan bí ọdún 17.

Ilé-ìwé ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, olùkọ́ tí ó dáńtọ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú ẹ̀kọ́ yòókù. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn òbí tí kò tíì bí ọmọ nígbà náà ṣì ń bá mi jiyàn lórí rẹ̀.

Nítorí náà, bí ilé bá jẹ́ ti Yorùbá pátápátá, orin àti eré Gẹ̀ẹ́sì ní jẹ́lé-ó-sinmi tó fún ọmọ ọdún 3. Kí ó kọ́kọ́ mọ ìwé Yorùbá kà. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti gba ilé, ìbáà jẹ́ ní Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, Yorùbá ni èdè kejì tí ó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kí òbí kọ̀ọ̀kan máa sọ èdè tí ó lè fi bínú, tí ó lè fi ṣìpẹ̀, tí ó sì lè fi pa àlọ́.

Bí ọmọ bá wí pé, “Mo ti finish oúnjẹ mi,” kò dàrú. Èdè méjèèjì ni ó ń lò. Ṣùgbọ́n bí ó bá pé ọdún 2 tí kò tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ ní èdè kankan, ẹ má di ẹ̀bi ru èdè méjì. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gba ìyá kan níyànjú pé kí ó pa Yorùbá tì nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí dókítà tó sọ fún wa pé ọmọ náà kò gbọ́ràn dáadáa.